Kí ló wà nínú diluant? Àlàyé lórí tólúẹ̀nì fún àwọn tó ń lo ọ̀dà àti àtè

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ní Àjàṣẹ́, yálà ní ọjà Wàńdò tàbí lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìgólò, ẹ ó rí agolo lórí agolo tí wọ́n kọ diluant sí lára. Àwọn mìíràn gba ẹnubodè Nàìjíríà wọlé, tíńà ni wọ́n ń pe tiwọn. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ìwé lára rárá, inú ike ńlá ni oníṣòwò ti ń wọ̀n wọ́n sínú ìgò. Gbogbo wọn mọ́ gaara, òórùn gbogbo wọn ń gún ni nímú, ẹni tí kò mọ̀ á ní ọ̀kan náà ni wọ́n, á sì ra èyí tó dínwó jù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni àìsàn ti ń wọlé.

Nínú ọ̀pọ̀ diluant tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ọkọ̀ àti ti àga, nínú àtè tí àwọn oníbàtà ń lò pẹ̀lú, ohun kan wà tó ń jẹ́ tólúẹ̀nì. Iṣẹ́ méjì ló mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń tú ohun tí omi kò lè tú, lẹ́yìn náà á fò lọ. Ire tó ń ṣe fún wa àti ewu tó ń mú wá, inú méjèèjì yìí ni wọ́n ti ń jáde.

Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí i jù. Nílé ìfọpo ni wọ́n ti ń fi ooru gíga yí epo fúyẹ́fúyẹ́ padà sí i. Díẹ̀ sì tún ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń sun èédú ilẹ̀ fún iṣẹ́ irin. Kábọ́nì 7 àti haidirójínì 8 ló parapọ̀ di ẹyọ kan rẹ̀. Mẹ́fà nínú kábọ́nì náà di ara wọn mú yípo di òrùka, ìkeje so mọ́ ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí ìkeje yẹn, bẹ́ǹsẹ̀nì nìyẹn. Bí irú ìkeje yẹn bá di méjì, ó di sílẹ̀nì, èyí tí wọ́n ń kọ xylène sí lára agolo rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwà wọn ni kò dọ́gba.

Tólúẹ̀nì ń hó ní 110.6°C, kì í dì àfi bí òtútù bá dé −95°C. Lítà kan rẹ̀ wọn gíráàmù 867 ní 20°C, nítorí náà orí omi ló ń léfòó sí. Òun àti omi kì í ṣọ̀rẹ́: nǹkan bí ìdajì gíráàmù péré ló lè yọ́ sínú odidi lítà omi kan.

Bẹ́ǹsẹ̀nì ni kí ẹ bẹ̀rù jù nínú ìdílé yìí. Ó ń hó ní 80.1°C, ó ń yára fò, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀; èyí ti dájú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́. Láyé àtijọ́ òun ni wọ́n fi ń tú àtè àti ọ̀dà, kí tólúẹ̀nì tó gba ipò rẹ̀, nítorí ó ń tú nǹkan bíi tirẹ̀, wọn ò sì kà á mọ́ àwọn tó ń fa jẹjẹrẹ. Àmọ́ tólúẹ̀nì tí wọn kò fọ̀ dáadáa lè gbé díẹ̀ nínú bẹ́ǹsẹ̀nì dání. Ẹ̀sáǹsì pàápàá, kpayo ni o, ti ilé epo ni o, bẹ́ǹsẹ̀nì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń fi ẹ̀sáǹsì fọ ọwọ́ tí ọ̀dà bá lẹ̀ mọ́ ọn ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń fi pa ara nìyẹn. Epo ẹ̀pà tàbí àdí àgbọn ni kí wọ́n fi ra ọwọ́ títí ọ̀dà á fi rọ̀, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ohun tó ń dé ìsọ̀ ọlọ́dà kéré gan-an sí ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Púpọ̀ nínú tólúẹ̀nì ni wọ́n tún ń sọ di bẹ́ǹsẹ̀nì àti sílẹ̀nì, nítorí pé láti ara irú sílẹ̀nì kan ni ike ìgò omi ti ń wá. Bí wọ́n bá fi ásíìdì nítíríìkì lé e lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì tún un ṣe síwájú sí i, ó di TDI tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù ibùsùn àti ti àga. Bí wọ́n bá lé e lẹ́ẹ̀mẹta, TNT ni, ohun abúgbàù tí wọ́n ń fi fọ́ àpáta, tí wọ́n sì ń fi jagun. Wọ́n ń ṣe ásíìdì bẹnsóíìkì láti ara rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí kì í jẹ́ kí ohun mímu inú ìgò tètè bàjẹ́. Ó tún ń jẹ́ kí ẹ̀sáǹsì lè fara da ẹ́ńjìnì tó le: lọ́dún 1988, ohun tí ọkọ̀ ìdíje Formula 1 tó ń lo ẹ́ńjìnì Honda ń jó, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ tólúẹ̀nì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tó wà nínú agolo tí ẹ dì mú? Bí èdè ara rẹ̀ bá rú yín lójú, nọ́ńbà ni kí ẹ wá. Nọ́ńbà CAS, èyí tí wọ́n fún kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan láti dá a mọ̀, kì í yí padà láti ìlú kan sí òmíràn: 108-88-3 ni tólúẹ̀nì, 1330-20-7 ni sílẹ̀nì, 67-64-1 ni asẹ́tónì (òun náà máa ń wà nínú diluant), 71-43-2 ni bẹ́ǹsẹ̀nì. Lára àgbá àti ọkọ̀ akẹ́rù, nọ́ńbà UN, tí wọ́n fi ń dá ẹrù eléwu mọ̀, ni ẹ ó rí: 1294 fún tólúẹ̀nì, 1307 fún sílẹ̀nì, 1114 fún bẹ́ǹsẹ̀nì, 1203 fún ẹ̀sáǹsì. Diluant tí wọ́n po láti oríṣiríṣi sábà máa ń gbé 1263, tí í ṣe ti ọ̀dà àti ohun tó bá ọ̀dà rìn.

Bí kò bá sí ìwé lára rẹ̀, òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù lè tú àṣírí púpọ̀. Ẹ wá ìgò kan tí ẹ kò ní fi mu nǹkan mọ́ láé. Ẹ rọ omi gíráàmù 1000 sínú rẹ̀, ẹ fàlà sí ibi tí omi dé, ẹ dà á nù, ẹ jẹ́ kí ìgò gbẹ, kí ẹ wá rọ diluant dé ojú àlà náà. Nínú ooru 30°C, tólúẹ̀nì á wọn nǹkan bíi gíráàmù 858. Ẹ̀sáǹsì sábà máa ń wà láàárín 710 sí 770, asẹ́tónì bíi 780, white spirit (èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóróró) láàárín 760 sí 800. Ohun tí wọ́n bá pè ní tólúẹ̀nì tó wọn 800, wọ́n ti lú u. Sílẹ̀nì ni òṣùwọ̀n kò lè yà kúrò lára tólúẹ̀nì, nítorí ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fún ìyẹn, ẹ kán ẹ̀kán kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí gíláàsì, níta, níbi tí afẹ́fẹ́ wà: tólúẹ̀nì ń yára fò tó ìlọ́po mẹ́ta sílẹ̀nì.

Àyẹ̀wò kejì, omi la fi ń ṣe é. Ẹ rọ diluant mílílítà 10 àti omi mílílítà 10 sínú ìgò tín-ín-rín tó ní àmì lára. Ẹ dé e, ẹ mì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ṣí i kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ gbé e kalẹ̀ títí á fi pín. Bó bá jẹ́ tólúẹ̀nì nìkan, 10 ni á wà lókè, 10 nísàlẹ̀. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ti wú di 13, ó kéré tán nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá diluant náà jẹ́ asẹ́tónì tàbí ọtí, tó ti bá omi lọ. Èyí kì í ṣe àbùkù nínú diluant ọ̀dà ọkọ̀ o. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ni, ìdí rẹ̀ sì rèé.

Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní cellulosique, tí wọ́n ń fín sára ọkọ̀ àti àga, nítróselulósì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn òwú tí wọ́n fi ásíìdì yí padà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kò mọ̀ pé tólúẹ̀nì nìkan kò lè tú òwú yìí. Asẹ́tónì, acétate d'éthyle àti acétate de butyle ló ń tú u. Iṣẹ́ tólúẹ̀nì ni láti tú rẹ́sìnì tó wà nínú ọ̀dà náà, kí ọ̀dà ṣàn dáadáa, kí owó diluant má sì wọ́n jù. Bí ọ̀dà bá ti balẹ̀ sára irin, wọn kì í fò lẹ́ẹ̀kan náà. Asẹ́tónì tó ń hó ní 56°C ló ń kọ́kọ́ lọ, tólúẹ̀nì tẹ̀ lé e, acétate de butyle tó ń hó ní 126°C ló ń kẹ́yìn. Ẹni ìkẹyìn yìí ló gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú òwú náà títí ọ̀dà á fi gbẹ. Bí ẹnìkan bá ti fi tólúẹ̀nì lásán tàbí ẹ̀sáǹsì lú diluant, ohun tó lè tú òwú á ti lọ tán, tólúẹ̀nì ni á kù sẹ́yìn. Òwú náà á yọ kúrò nínú rẹ̀ di hóró wínníwínní. Ojú ọ̀dà á funfun, kò ní dán, bí ẹ bá sì fi ìka pa á, á máa ha yín lọ́wọ́.

Fífunfun kan tún wà tó jọ èyí, tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ta diluant. Asẹ́tónì tó ń yára fò ń mú ojú ọ̀dà tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, ìrì á sẹ̀ sórí ọ̀dà tútù náà, á sì há sínú rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ tí ọ̀sà wà lẹ́sẹ̀ ìlú, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, èyí wọ́pọ̀ ní òwúrọ̀ àti lẹ́yìn òjò. Ojú ọ̀dà irú èyí máa ń funfun ṣùgbọ́n kì í ha ọwọ́. Bí ẹ bá fín acétate de butyle díẹ̀ sí i fẹ́ẹ́rẹ́, funfun náà á parẹ́. Kó má tilẹ̀ wáyé ló dára jù: ẹ dúró di ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá ti gbẹ afẹ́fẹ́, tàbí kí ẹ fi diluant tí kì í yára fò, èyí tí wọ́n kọ retardateur sí, sí i ní ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ń ha ọwọ́ ní tirẹ̀, ìfínsí kò ràn án. Ẹ yọ́ ọ kúrò, kí ẹ ra diluant tó dára.

Ọ̀dà olóróró tí wọ́n ń kùn sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kò nílò gbogbo èyí. White spirit ló bá a mu, ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fi tólúẹ̀nì po ó, á gbẹ lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó fà á tán, ojú rẹ̀ á sì rí pákapàka. Èyí tó burú jù ni pé tólúẹ̀nì á wọ inú ọ̀dà àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀, á gbé e sókè, gbogbo rẹ̀ á hunjọ. Ọ̀dà olómi kò gba ìkankan nínú wọn. Ṣe ló máa ṣù.

Àwọn oníbàtà àti àwọn tó ń ṣe àga onífóòmù, àtè aláwọ̀ ìyeyè ni tiyín. Rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní neoprene ni, tólúẹ̀nì sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ṣàn. Ẹ fi í pa ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: bó bá ń fà bí ẹ ṣe ń gbé ìka kúrò, kò tíì tó, bí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ fi òòlù lù ú káàkiri. Ẹni tó bá kánjú pa á pọ̀ ti sé tólúẹ̀nì mọ́ inú. Kò ní ríbi jáde. Lọ́jọ́ tí ẹni tó wọ bàtà náà bá rìn nínú oòrùn, á gbóná, á wú, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì ṣí. Bí àtè bá ki nínú agolo, tólúẹ̀nì díẹ̀ ni kí ẹ fi dẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa rò ó bẹ́ ẹ ṣe ń rọ ọ́. Kpayo á jẹ́ kó ṣù ni.

Ṣé tólúẹ̀nì tó fò lọ yẹn ti tán? Rárá. Inú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí ló wà. Ẹ mú yàrá kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3 níkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Lítà afẹ́fẹ́ 27,000 ló wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Faransé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ mí ohun tó ju tólúẹ̀nì 20 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ. Nínú yàrá yìí, ohun tí kò tó mílílítà 2.5, ìdajì ṣíbí tíì, ti dé ibẹ̀. Mílílítà 60 á gbé e dé 500 nínú mílíọ̀nù kan, èyí tí wọ́n kà sí ewu ojú ẹsẹ̀ fún ẹ̀mí ènìyàn. Lítà kan bá fò tán sínú rẹ̀, oru rẹ̀ á tó lítà 235, ìdá 0.87 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá náà. Bó bá ti dé ìdá 1.1, iná kékeré lè mú kó bú. Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ tó ìlọ́po mẹ́ta, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ yàrá, níbi tí ìkòkò èédú máa ń wà, á ti kọjá 1.1 kí òkè tó sún mọ́ ọn.

Tólúẹ̀nì ń gbiná láti 4°C, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọjọ́ kan ní Àjàṣẹ́ tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbá tó ṣófo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí tólúẹ̀nì díẹ̀ bá kù sí ìdí rẹ̀, ní 30°C oru rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú àgbá. Láàárín 1.1 sí 7.1 ni ó ti ń bú gbàù. Ìdá 5 wà láàárín gbùngbùn. Àgbá tí ẹ rò pé ó ti tán yìí, ó ti po afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ fúnra rẹ̀, iná ló kù. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń jó irin kí wọ́n gé e ṣe ààrò tàbí ìkómi. Fífi omi ṣàn án kò tó, nítorí omi kì í kó tólúẹ̀nì dání.

Bí ẹ bá ń rọ ọ́ láti inú àgbá sínú agolo, ìrọ́lu rẹ̀ ń dá iná mànàmáná sílẹ̀ lára rẹ̀, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀. Ẹ fi wáyà bàbà so àgbá mọ́ agolo, kí ẹ so àgbá mọ́ irin tí ẹ rì sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹnu ìrọ kan ìdí agolo, kí ẹ sì rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá gbiná, ẹ má dà omi lé e, orí omi ni á léfòó sí tí á máa jó lọ. Ìdérí, yanrìn gbígbẹ tàbí ohun ìpaná onílẹ́búlẹ́bú ni kí ẹ lò.

Ní ti ara, imú kò ṣeé gbára lé: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń wọlé. Orí fífọ́, òòyì, èébì, kí ojú máa ṣe ènìyàn bí ẹni tó mutí, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Ẹ jáde síta lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á fún ọdún gbọọrọ, iyè rẹ̀ á máa ra, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, etí rẹ̀ á máa di, pàápàá níbi tí ariwo ẹ̀rọ bá tún wà. Ó ń ṣe ọmọ inú lọ́ṣẹ́. Kí aboyún má jókòó sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń lò ó. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa àtè símú mọ̀ọ́mọ̀, ọkàn wọn lè dá iṣẹ́ dúró lójijì, kódà nígbà àkọ́kọ́. Ìbomú aláṣọ kò dí oru rárá, ìbomú erùpẹ̀ náà kò dí i. Èyí tó ní asẹ́ aláwọ̀ búráùn tí wọ́n kọ A sí lára ló lè gbà á, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ asẹ́ náà. Ìbọ̀wọ́ nítíráìlì tín-ín-rín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tólúẹ̀nì fi ń là á kọjá. Bó bá ti tutù, ẹ bọ́ ọ kí ẹ wọ òmíràn. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un ní epo mu: bó bá gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn ló ń pani. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, tẹ̀yin ti agolo náà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí tólúẹ̀nì wọ inú ìgò ohun mímu láé. Agolo irin tó ní ìdérí líle ló yẹ ẹ́. Ike rírọ̀ ń wú, oru sì ń gba ara rẹ̀ jáde.

Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má dà á sẹ́yìnkùlé. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sí omi mímu ni tólúẹ̀nì mílígíráàmù 0.7 nínú lítà kan. Lítà tólúẹ̀nì kan tó bá dé inú kànga lè sọ omi tó ju lítà mílíọ̀nù kan lọ di ohun tó kọjá ìwọ̀n yẹn, bẹ́ẹ̀ kànga pọ̀ nínú agbolé wa. Ẹ gbé e sínú agolo tí ẹ dé, kí ó sinmi ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀dà á rọ̀ sísàlẹ̀, ohun tó mọ́ á wà lókè. Ẹ rọra da èyí tó mọ́ sínú agolo mìíràn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí ẹ máa fi í fọ búrọ́ọ̀ṣì àti ìbọn ọ̀dà ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ wá fi diluant titun díẹ̀ ṣàn án. Kò ṣeé fi po ọ̀dà mọ́, nítorí ohun tó ti yọ́ sínú rẹ̀ kò hàn sójú.